Ẹ Má Tẹrí Ba Fún Un

Nígbà tí ojú ìyàwó mi yọ lára ògiri, gbogbo ilé sinimá tẹrí ba.

Ìlà tó kẹ́yìn ni mo jókòó sí, nítorí náà ẹ̀yìn orí wọn ni mò ń rí. Àwọn tó ń jẹ gúgúrú dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ pa ẹnu mọ́. Ọkùnrin kan tó dé fìlà ṣí i kúrò lórí, ó fi lé orúnkún rẹ̀. Lókè, lára ògiri funfun, Àyọ̀ká gbé ìrọ̀rí sápá bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọdún méjì sẹ́yìn.

"Èmi ni Àyọ̀ká onírọ̀rí. Ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ ni ẹ ó ti bá mi. Òwú ni mo ń kì sí i, n ò ki ohun mìíràn. Ẹ gbé orí lé e. Ẹni tó bá gbé orí lé e, á gbàgbé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́."

Lẹ́yìn náà ó fi ìrọ̀rí náà sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó gbé orí lé e, ó dijú. Ìdajì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó wà láàyè, àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń dijú yìí, wọn a máa pè é ní Ìyá Olóorun. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ náà tí a ti sin ín. Kò sí ẹni tó lè wo ibẹ̀ mọ́.

Obìnrin kan níwájú mi ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe àmín.

Nọ́ńbà kékeré tàn ní igun ògiri, bó ti máa ń tàn lẹ́yìn ìpolówó kọ̀ọ̀kan. Ti Sùnmọ́nù onígbàjámọ̀, tó ṣáájú tiwa, jẹ́ ọgọ́sàn-án ó lé márùn-ún. Tiwa jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Igba ni ìjókòó tó wà nínú gbọ̀ngàn náà, ènìyàn sì kún gbogbo rẹ̀. Òǹkajú, ẹ̀rọ tó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú méje lókè ògiri, ti kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ojú wọn.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Fíìmù ńlá ọdún náà ni, èyí tí wọ́n pè ní Òkun Gòkè, tí gbogbo ìlú máa fi wọ́ wá sílé sinimá fún ọ̀sẹ̀ méje. Àwọn ará etíkun tí omi lé wá bá wa ní Ìkìrun ló gba ìjókòó iwájú, nítorí àdúgbò tiwọn ló ń rì nínú rẹ̀. Èmi ò dúró wò ó. Mo dìde, mo lọ bá Ìbídùnní ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀.

Ìbídùnní ni alámòójútó ilé sinimá náà. Àyọ̀ká ló ṣe ìrọ̀rí tó gbé wọ ilé ọkọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí n jókòó, ó sì yí wàláà dígí tó wà lórí tábìlì rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, bó tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti rí nọ́ńbà náà.

Ó ní ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Lásìkò fíìmù ńlá, gbogbo ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ka ojú, ọgọ́jọ ni òfin sì ní kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Èyí tí kò bá ní in lẹ́ẹ̀mẹta léra, iná ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á pọ́n. Mo ní kò sí èyí tí n kò mọ̀ nínú ohun tó ń sọ. Iná tiwa ti kúrò ní àwọ̀ ewé láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti di àwọ̀ ọsàn. Mo sì mọ Olúwọlé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí iná tirẹ̀ pọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìlẹ̀kùn kò mọ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ibẹ̀ títí di bí mo ti ń wí yìí. Ó máa ń dúró lójú fèrèsé wò wọ́n.

"Bàbá," Ìbídùnní ní, "kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún Ìyá."

"Mo mọ̀."

"Òǹkajú ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó tẹrí ba àti ẹni tó sùn lọ, ọ̀kan náà ni wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó wá fi ìka kan wàláà náà. Obìnrin kan yọ lójú rẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí wa dání, èyí tí mo fi ọwọ́ mi rán etí rẹ̀. Eyín obìnrin náà dọ́gba. Ara rẹ̀ ń dán. Àyọ̀ká ní àpá iná kan ní àgbọ̀n. Èyí kò ní àpá kankan. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́.

"Ọmọ ta ni?" mo bi í.

"Kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan, Bàbá. Ẹ̀rọ ló ṣe é."

Ó ní kò sí ẹni tó máa tẹrí ba fún un, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí n sáà tẹ àtàǹpàkò mi sórí wàláà. Mo bi í pé ti Àyọ̀ká ńkọ́. Ó wo ilẹ̀. Àwòrán kan ni òfin gbà fún ìsọ̀ kan. Bí tuntun bá wọlé, ti àtijọ́ á parẹ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Àyọ̀ká kò fẹ́ràn kí wọ́n ya òun ní àwòrán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà, nítorí ìsọ̀ ló sì ṣe gbà. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ wà.

Mo ro ó. Bí mo bá tẹ̀ka, Àyọ̀ká á lọ, ìsọ̀ á kù. Bí n kò bá tẹ̀ka, tí iná sì pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, wọn á ti ìlẹ̀kùn, wọn á sì pa àwòrán rẹ́, àwọn méjèèjì á lọ. Mo bi í pé bí ọgọ́jọ ènìyàn bá gbójú sókè wò ó lọ́jọ́ Ẹtì ńkọ́.

"Iná á padà sí àwọ̀ ewé," ó ní. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n má tẹrí ba, Bàbá? Ta ló máa lẹ́nu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní èmi ni.

* * *

Ìsọ̀ wa kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lápá ọ̀tún, àpótí tí Àyọ̀ká ń jókòó lé wà lápá òsì, àwọn àpò òwú sì wà láàárín. Èmi a rán, òun a kì. Ọdún mẹ́tàdínlógójì la fi ṣe é. Ọmọ tí a bí kò dúró. Ìsọ̀ yẹn ló dúró. Àpò òwú kan ṣoṣo ló kù tí Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ tú, tó ṣa hóró inú rẹ̀ kúrò kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. N kò tíì fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò rọrùn. Láti ìgbà tí Òfin Ìdákẹ́jẹ́ ti dé, wọ́n ti ká gbogbo bọ́ọ̀dù kúrò lójú títì, wọ́n sì ti fi òpó elétí sí gbogbo oríta. Bí òpó bá gbọ́ orúkọ ọjà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ẹnì kan, á ṣẹ́jú pupa, ẹni náà á sì lo oṣù kan láìfẹsẹ̀ kan ọjà. Inú ilé sinimá nìkan ni ọlọ́jà ti lè pe ara rẹ̀ lórúkọ. Obìnrin ọlọ́sàn tó máa ń kọjá níwájú ìsọ̀ wa a máa gbé ọsàn kan tó ti bó sókè lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ a pa mọ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé bí wọ́n ṣe ń kiri ọjà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé nìyẹn.

Nítorí náà, n kò lè dúró lójú títì kí n ní kí wọ́n wá wo ìpolówó mi. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń yà kí mi kú aráfẹ́rakù, òpó kì í sì í bá ẹni tó ń kí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹjọ́. Bí wọ́n bá kí mi tán, tí wọ́n ní kí Ọlọ́run mú ọjọ́ jìnnà síra wọn, màá dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá wá sọ pé, "Lọ́jọ́ Ẹtì, bí ẹ bá rí i, ẹ má tẹrí ba fún un."

Àwọn kan rò pé ìbànújẹ́ ti yí mi lórí. Ìyàwó pásítọ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n máa gbìyànjú láti sùn. Bàbá kan tó jù mí lọ wò mí títí, ó ní láti ọjọ́ tóun ti dáyé, òun ò tíì gbọ́ kí ọkọ máa bẹ ènìyàn pé kí wọ́n yé bọ̀wọ̀ fún aya òun tó kú. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì tún un sọ.

Mo lọ sọ́dọ̀ Sùnmọ́nù. A jọ lọ sílé ìwé girama ni, àwa méjèèjì la sì jọ jáde níbẹ̀. Nínú ìpolówó tirẹ̀, ó máa ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀, á wá yí ojú po. Kò sí ọmọ tí kì í wò ó. Ó ń gẹrun fún oníbàárà kan nígbà tí mo wọlé.

"Bàbá Ìrọ̀rí," ó ní, "irun orí rẹ kò tó ohun tí à ń gbé abẹ sí mọ́. Àbí o wá kọ́ bí mo ṣe ń yí ojú ni?"

Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Abẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà náà kò mira.

"O fẹ́ kí n tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ níbi tó dùbúlẹ̀ sí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nígbà tó wà láyé, bí mo bá dán irú ẹ̀ wò, o ò bá ti gbá mi létí."

"Òun gan-an ni ì bá gbá ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó nu abẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun á wò ó, òun á sì bá àwọn tí àwọn jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n má bi mí ohun tí mo rí níbẹ̀," ó ní.

Ti Ìyá Gbọ́ládé ló le jù. Òun àti Àyọ̀ká ti jọ ń rìn láti ìgbà ọmọge wọn. Òun ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, kò sì gbé ojú sókè ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀.

"Ojú tí mo fi wò ó lọ́jọ́ tí mo wẹ̀ ẹ́ ti tó mi, Bàbá," ó ní.

Mo ní iná á pọ́n. Ó ní òun gbọ́. Ó rí òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù.

"Ṣé torí ìsọ̀ ni, àbí torí rẹ̀?"

"Torí méjèèjì."

"Kò lè jẹ́ méjèèjì."

Mo jókòó títí ó fi ṣa ẹ̀wà náà tán. Nígbà tí mo dìde, ó ní òun á wá, òun á sì kó ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa wá. "Kí ẹ sáà máa rántí pé ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é," ó ní.

Àwọn ará etíkun ni mo fi parí rẹ̀. Wọn kò mọ Àyọ̀ká dáadáa. Àwa ni wọ́n rí tí à ń tẹrí ba, tí àwọn náà fi ń ṣe é. Olórí wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò ṣeé nà tán, fún mi ní àga. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Nígbà tí omi dé bá wa," ó ní, "òkú pọ̀ débi pé a ò tẹrí ba fún ẹnì kankan mọ́. Ìlú yín la dé tí a tún fi rántí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Bàbá."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kò ní ṣòro fún àwọn, nítorí àwọn mọ̀ ọ́n ṣe.

* * *

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Oòrùn ṣì wà lára àwọn àpáta ẹ̀yìn ìlú nígbà tí a wọlé. Mo lọ sí ìlà tó kẹ́yìn. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọjá lára mi, wọ́n ń kí mi ní ohùn jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń yára lọ jókòó bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan kó sì tètè lọ. Ìpolówó oníṣẹ́ omi kọjá. Ti Sùnmọ́nù kọjá, ó yí ojú po, ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín.

Àyọ̀ká yọ.

Orí kan kò mì. Wọ́n jókòó bí àwọn tó ń dúró de abẹ́rẹ́ dókítà. Ọkùnrin tó ṣí fìlà lọ́jọ́sí di apá ìjókòó rẹ̀ mú ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìyá Gbọ́ládé wà ní ìjókòó etí ọ̀nà, mo rí ìdajì ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ògiri. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wá sí àgbọ̀n, kò sì nù ún, nítorí mo ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá gbé ọwọ́ sójú, Òǹkajú kò ní kà á.

Mo gbọ́ ohùn Àyọ̀ká dé ibi tó parí sí. Èmi kò wò ó. Àwọn ni mò ń wò. Mò ń kà wọ́n láti orí dé orí, bí ẹni ń ka ẹran nínú ọgbà.

Nọ́ńbà tàn: ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni kò wò ó, èmi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, iná ẹnu ọ̀nà wa ti padà sí àwọ̀ ewé. Ìlẹ̀kùn mọ àtàǹpàkò mi kíákíá. Sùnmọ́nù gbé obì wá, ó ní a ti ṣẹ́gun. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí àsìkò fíìmù ńlá parí. Bí nọ́ńbà bá tún já wálẹ̀, iná á tún yí padà, nítorí náà wọn kò lè dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ṣì ń jókòó gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń jẹ gúgúrú nígbà tí Àyọ̀ká ń sọ̀rọ̀. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó tún jẹ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré lọ́jà. Bí ẹnì kan bá ń tòògbé lórí àga, wọn á ní, "Gbé orí lé e." Òpó kò bá wọn wí, nítorí kò sí orúkọ ọjà níbẹ̀.

Àwọn oníbàárà sì ń wá. Wọn kò wá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó wà láyé. Èmi nìkan ni mò ń rán, èmi nìkan ni mò ń kì. Nígbà tí àwọn àpò tó kù tán, mo fọwọ́ kan èyí tí Àyọ̀ká ti tú sílẹ̀. Òwú inú rẹ̀ fúyẹ́, kò ní hóró kan ṣoṣo. Ìrọ̀rí mẹ́sàn-án ló ti inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì ra mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ láàárín ọjọ́ méjì. N kò lè sọ àwọn tó rà wọ́n. Mo ká àpò náà, mo fi sábẹ́ àpótí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Sùnmọ́nù jókòó níwájú mi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti ìta. Àyọ̀ká yọ, ó sọ̀rọ̀, ó dùbúlẹ̀. Sùnmọ́nù ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri rárá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ, gúgúrú sì wà lẹ́nu rẹ̀. N kò bínú sí i. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe náà ló ń ṣe.

Nọ́ńbà tàn: igba ó dín mẹ́rin. Kò tíì ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí fíìmù parí, mo bá Ìyá Gbọ́ládé lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sínú ilé. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ le.

"Bàbá, mo wò ó lónìí," ó ní. "Ó ti kọjá kí n tó rántí pé òun ni."

* * *

Mo lọ bá Ìbídùnní ní ọjọ́ kejì. Mo ní mo wá tẹ̀ka.

Ó rò pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó yí wàláà sí mi, ó fi nọ́ńbà hàn mí, ó ní kò sí ìsọ̀ kankan nílùú tó tó tiwa lásìkò yìí, àní ti Sùnmọ́nù pàápàá kò tó o. Ó bi mí pé kí ló dé.

"Kò sí ẹni tó ń tẹrí ba fún un mọ́," mo ní.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má ṣe é, Bàbá."

"Èmi ni."

Ìbídùnní ní bí n kò bá fẹ́ kí wọ́n máa wò ó, mo lè jẹ́ kí iná pọ́n, kí n jókòó sílé, ọjọ́ orí mi ti tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n jókòó sílé ṣe kí ni. Ó ní òun kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn, àpótí Àyọ̀ká á wà nínú, èmi á sì wà lójú fèrèsé bí Olúwọlé.

Ó bi mí bóyá mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan kó tó parẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa iná yàrá náà, ó gbé e sórí ògiri, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó tẹrí ba.

Mo wò ó. Láti ọjọ́ tó ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbé ìrọ̀rí sápá, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ òwú. Ó gbé orí lé e. Kí ó tó dijú, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo ibi tí kò sí nínú àwòrán. Ibẹ̀ ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà. Ó ń wò mí bóyá ó ti tó. Mo rántí pé mo mi orí sí i pé ó ti tó. Ó wá dijú.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi sórí wàláà. Ó gbóná díẹ̀, ó sì tutù padà. Ìbídùnní kò dìde lórí orúnkún rẹ̀ títí mo fi jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún lọ, nítorí òfin ní kí ọlọ́jà wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí àwòrán rẹ̀ bá jáde. Gbọ̀ngàn kún. Ìjókòó kan ṣoṣo ló kù ní ìlà tó kẹ́yìn, mo jókòó sí i. Oníṣẹ́ omi kọjá. Sùnmọ́nù yí ojú po, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tí kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan yọ lára ògiri, ó gbé ìrọ̀rí wa sápá, ó rẹ́rìn-ín sí wa. Mo rí gbogbo ẹ̀yìn orí wọn, wọ́n dúró ṣánṣán. Ìyá Gbọ́ládé ń wò ó. Àwọn ará etíkun ń wò ó. Ẹnì kan bi ẹnì kejì pé ta nìyí, ẹnì kejì ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó rẹwà.

Ó sọ ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká láìfo ọ̀kan. Nígbà tó gbé orí lé ìrọ̀rí náà, mo ṣí fìlà mi, mo fi lé orúnkún, mo sì tẹrí ba.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń jẹ gúgúrú. Nígbà tí mo gbórí sókè, nọ́ńbà ti tàn ní igun ògiri: igba ó dín ẹyọ kan.